Oògùn hòmóònù fún ìrora endometriosis: bí ẹ ṣe lè lò ó dé ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́

Oṣù kejì ni ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń pa oògùn yìí tì. Dókítà kọ ọ́ fún wọn, wọ́n rà á, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kò pẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò nǹkan oṣù, ni wọ́n bá ní oògùn náà ti da inú àwọn rú. Ti àwọn mìíràn, nǹkan oṣù dúró pátápátá, ìyá tàbí ọ̀rẹ́ sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ń kó jọ sínú. Wọ́n tún dá a dúró. Nígbà tí oṣù mìíràn bá dé, inú rírun tó ń gbé wọn ṣubú á padà, wọ́n á sì máa sọ káàkiri pé oògùn hòmóònù kì í ṣiṣẹ́ fún endometriosis. Wọn kò fún un láyè kó ṣiṣẹ́ ni.

Ẹni tí dókítà ti yẹ̀ wò, tó sì sọ fún pé endometriosis ló ń yọ ọ́ lẹ́nu tàbí pé gbogbo àmì rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ni mo kọ èyí fún. Kò pọn dandan mọ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ wo inú yín kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìbímọ ilẹ̀ Yúróòpù, ESHRE, gbé jáde ní 2022 fàyè gbà á kí dókítà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lórí àmì àìsàn àti àyẹ̀wò. Àmọ́ ẹ má ka ìwé yìí tán kí ẹ wá lọ ra oògùn fúnra yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí oògùn yìí lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Nínú endometriosis, ẹran ara tó jọ awọ inú ilé ọmọ máa ń hù síta ilé ọmọ: lára ilé ẹyin, lẹ́yìn ilé ọmọ, nígbà mìíràn lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Hòmóònù estrogen ló ń bọ́ ọ. Oògùn hòmóònù ń dí ọ̀nà oúnjẹ yẹn, ẹran náà á rọlẹ̀, á dẹ́kun ẹ̀jẹ̀ tó ń sun lóṣooṣù, ìrora á sì dín kù. Kò hú u kúrò. Kò já ibi tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìdí nìyẹn tí lílo ó déédéé fi ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára páálí lọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ìrora, nínú ìwé tàbí lórí fóònù. Lójoojúmọ́, ẹ kọ nọ́ńbà kan láti 0 dé 10: 0 túmọ̀ sí pé kò sí ìrora rárá, 10 túmọ̀ sí pé ẹ ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kọ oògùn ìrora tí ẹ lò, ọjọ́ tí ẹ ò lè lọ síbi iṣẹ́ tàbí sọ́jà, ọjọ́ tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ ń fa ìrora, àti bóyá ìbálòpọ̀ ń fà á. Ti oṣù 1 tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Láìsí ìwé yìí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, torí pé ara máa ń gbàgbé bí ìrora ṣe le tó.

Ẹ tún nílò ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò, àti ìdánwò oyún tó fi hàn pé ẹ ò lóyún. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, carbamazepine àti phenytoin tí wọ́n fi ń wo wárápá, àti efavirenz tí àwọn kan ń lò fún HIV, ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè pa oògùn hòmóònù run. Ẹni tó ń lo ọ̀kan nínú wọn lè máa gbé oògùn mì lójoojúmọ́ kó má sì rí àǹfààní rẹ̀. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà wà lára ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n ti fún ní àgbo yẹn fún inú rírun láti ọmọdé. Tí ẹ bá ń mu ún pọ̀ mọ́ oògùn, a ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ la ò ní mọ èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Owó oògùn oṣù 3 náà ńkọ́? Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ nìyí, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n ra páálí kan, owó tán, wọ́n dúró ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n tún ra òmíràn. Ẹ béèrè iye tó jẹ́ lọ́wọ́ apoògùn kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà. Tí agbára yín kò bá ká a, ẹ sọ fún un báyìí pé: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní lè máa ra eléyìí lóṣooṣù. Èwo ni kò wọ́n tó èyí tí mo lè lò láìdáwọ́ dúró?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn wà, kò sì bu yín kù.

1. Ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ

Ṣé ẹ fẹ́ lóyún láàárín oṣù díẹ̀ sí i? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dúró níbí. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn yìí ló ń dá ẹyin dúró, lílo wọn kì í sì í mú kí oyún tètè dé lẹ́yìn náà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ìdílé ọkọ ń retí ọmọ tí inú rírun kò sì jẹ́ kí èèyàn sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi oṣù 6 oògùn hòmóònù “tún inú rẹ̀ ṣe” kó lè lóyún ti pàdánù oṣù 6. Dókítà tó mọ̀ nípa àìrọ́mọbí ni kó rí yín.

Ẹ mọ̀ pé ẹ ti yanjú rẹ̀ bí ẹ̀yin àti ọkọ yín, tí ọkọ bá wà, bá ti jọ gbà pé ọ̀rọ̀ oyún lè dúró fún ó kéré tán oṣù 6.

2. Ẹ dáhùn ìbéèrè ewu láìfi nǹkan kan pamọ́

Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró yín rí? Ṣé ẹ ní túúlu tí ojú yín ti máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́? Ṣé ẹ ti pé ọdún 35, ẹ sì ń mu sìgá? Ṣé ìfúnpá yín ga? Ṣé ẹ̀dọ̀ yín ní àìsàn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS? Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6, ẹ sì ń fún ọmọ lọ́mú?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó gbé bírò sórí ìwé, torí pé oògùn alápapọ̀, èyí tó ní estrogen àti progestin (hòmóònù àtọwọ́dá tó ń ṣe bíi progesterone inú ara) pọ̀, lè má yẹ yín. Èyí tó jẹ́ progestin nìkan ni dókítà sábà máa ń yàn. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí kò gbọdọ̀ lo ìkankan nínú méjèèjì láìjẹ́ pé dókítà tó ń wo jẹjẹrẹ rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń wá láti ojú ara tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdí rẹ̀, ìdí yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá.

3. Ẹ yan oògùn pẹ̀lú dókítà

Progestin oníhóró ni mo máa fi ṣáájú. Dienogest 2 mg wà, ẹyọ 1 lójúmọ́, láìsí ìsinmi kankan. Wọ́n ṣe é fún endometriosis gan-an. Ó sábà máa ń wọ́n, wọn kò sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí, nítorí náà ẹ lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù pẹ̀lú rẹ̀.

Norethisterone 5 mg ni èkejì. Àwọn obìnrin tó ń lọ sí Mẹ́kà àti àwọn ìyàwó tó ń múra ìgbéyàwó mọ̀ ọ́n dáadáa, torí pé òun ni wọ́n fi ń sún nǹkan oṣù síwájú. Ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń ṣi àwọn kan lọ́nà. Wọ́n lò ó fún ọjọ́ 10 nígbà yẹn, wọ́n wá rò pé ọjọ́ 10 náà ni ti endometriosis. Rárá o. Fún ìrora yìí, dókítà sábà máa ń kọ 10 sí 15 mg lójúmọ́, fún oṣù 4 sí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó bá pọ̀ tó báyìí, ara máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di irú estrogen kan, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè nípa ẹ̀jẹ̀ dídì fi kan òun náà.

Oògùn alápapọ̀, èyí tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin ní ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kò wọ́n, ó sì wà káàkiri. Ẹ fara balẹ̀ wo páálí rẹ̀. Púpọ̀ wọn ní ẹyọ 28: 21 ní hòmóònù, 7 tó kù kò ní, irin ló sábà máa ń wà nínú wọn, àwọ̀ wọn sì yàtọ̀. Ẹni tó bá lo 7 yẹn máa rí nǹkan oṣù, ìrora á sì bá a wá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè fo 7 náà, kí ẹ bọ́ sórí páálí tuntun lọ́jọ́ kejì tí 21 bá tán. Bí obìnrin bá ní “mo ti lo páálí 3, inú ṣì ń run mí lóṣooṣù,” ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni bóyá ó ń lo àwọn aláwọ̀ mìíràn yẹn.

Abẹ́rẹ́ oṣù 3-3, medroxyprogesterone, wà fún ẹni tí oògùn ojoojúmọ́ kò bá lára mu: 150 mg sínú ẹran ara, tàbí 104 mg sábẹ́ awọ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti gbà á, kò ṣeé fà jáde, ó lè mú kí eegun fẹ́lẹ́ tí ẹ bá lò ó pẹ́, oyún sì lè pẹ́ kó tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Lúùpù oníhòmóònù, èyí tó ní levonorgestrel 52 mg, ń ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí. Lúùpù tó wà ní ọ̀pọ̀ ibi ìfètò-sọ́mọ-bíbí jẹ́ oníbàbà, kò ní hòmóònù kankan nínú, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ àti inú rírun pọ̀ sí i. Kí nọ́ọ̀sì tó fi í sí yín lára, ẹ ní kó fi páálí rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì ka orúkọ levonorgestrel lára rẹ̀.

Danazol, oògùn àtijọ́ fún àìsàn yìí, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kan. Ó lè mú irun hù sójú, ohùn tó bá sì ti nípọn nítorí rẹ̀ lè má padà sípò mọ́. Mi ò ní gbà á fún ẹni tí ọ̀nà mìíràn bá ṣí sílẹ̀ fún. Postinor ní tirẹ̀ kì í ṣe ìtọ́jú endometriosis rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé hòmóònù ló wà nínú rẹ̀.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì fo ọjọ́ kan

Ẹ ra oògùn níbi tí apoògùn gidi wà. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Èyí tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì nínú oòrùn kì í ṣe fún yín.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ dienogest lọ́jọ́ èyíkéyìí. Oògùn alápapọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù, norethisterone lọ́jọ́ karùn-ún, àfi bí dókítà bá sọ bí mìíràn. Ẹ yan wákàtí kan tí ẹ kì í yẹ̀, kí ẹ fi aago fóònù sí i. Lẹ́yìn ìrun ìṣáà dára, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀ náà dára.

Bí ẹ bá gbàgbé ẹyọ 1, ẹ lò ó bí ẹ bá ti rántí, kí ẹ sì lo ti ọjọ́ kejì ní àsìkò rẹ̀. Bí ẹ bá bì láàárín wákàtí 3 sí 4 lẹ́yìn tí ẹ lò ó, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru mú yín, ẹ lo òmíràn, torí pé ti àkọ́kọ́ lè má wọ ara.

Oògùn ìrora kò tíì kúrò nílẹ̀. Ibuprofen 400 mg lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ní àwọn ọjọ́ tó le, lè gbé yín kọjá oṣù àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín, tàbí tí ìbuprofen máa ń mú ikọ́ fée (asthma) rẹ̀ dìde kò gbọdọ̀ lò ó.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ka ẹyọ tó kù nínú páálí. Bí iye rẹ̀ bá ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ti ń fo ọjọ́ láìmọ̀, ìyẹn ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó dá oògùn lẹ́bi.

5. Oṣù 3 àkọ́kọ́: ẹ̀jẹ̀ tó ń kán

Ó máa kán. Ẹ ra páàdì sílẹ̀, kí ẹ má sì bẹ̀rù. Awọ inú ilé ọmọ ló ń fẹ́lẹ́ sí i lábẹ́ oògùn, kò sì tíì dúró sójú kan. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin, ó máa ń dín kù láàárín oṣù 3. Ti lúùpù lè tó oṣù 6. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí: kí èèyàn dá oògùn dúró, àti kí ó sọ ẹyọ 1 di 2 fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dáwọ́ dúró, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó lè yí ìwọ̀n oògùn padà, tàbí kó ní kí ẹni tó ń lo alápapọ̀ léraléra sinmi fún ọjọ́ 4 kó tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó sì ń ro yín, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, bí orí bá ṣàdédé fọ́ yín bí kò ṣe fọ́ rí, bí ojú bá ṣú tàbí apá kan ara bá kú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì 1 láàárín wákàtí 1 fún wákàtí méjì léra, tàbí bí inú bá ń run yín gan-an lápá kan tí ìdánwò oyún sì fi hàn pé oyún wà. Bí ìbànújẹ́ bá bò yín mọ́lẹ̀ débi pé ayé sú yín, èyí náà jẹ́ ti pàjáwìrì. Oògùn lè fà á, ẹ sọ ọ́ síta.

6. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró

Ibi tí à ń lọ gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn èèyàn jù. Wọ́n ní ibo ni ẹ̀jẹ̀ ń lọ? Kò lọ síbì kankan, torí pé kò sí. Nǹkan oṣù ni awọ tó nípọn nínú ilé ọmọ tó wó lulẹ̀. Oògùn yìí kò jẹ́ kí awọ náà nípọn. Ilé tí wọn kò dáná sí, eérú wo ni wọn yóò kó níbẹ̀? Kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń dúró de ọ̀nà àbájáde, kò ní di ìju, kò sì ní ba ilé ọmọ jẹ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí yé ìyá yín àti ìyá ọkọ yín ṣáájú, kí wọ́n má bàa fi oògùn ìdánǹkan-oṣù-padà fún yín láti inú ìfẹ́.

Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ ṣe ìdánwò oyún tí ẹ bá ti fo oògùn, tí ọmú bá ń ro yín tàbí tí èébì ń gbé yín. Bí kò bá sí oyún, ẹ máa bá a lọ.

7. Ìdájọ́ ní oṣù kẹta

Ẹ gbé àkọsílẹ̀ oṣù tó ṣáájú oògùn àti ti oṣù kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ má wo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ wo iye ọjọ́ tí ìrora kọjá 7, iye ọjọ́ tí ẹ jókòó sílé, àti iye oògùn ìrora tí ẹ lò. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ dúró lórí oògùn náà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ àmọ́ tí irorẹ́, sísanra tàbí orí fífọ́ kò jẹ́ kí ẹ gbádùn, ẹ béèrè fún progestin mìíràn, torí pé èyí tí ara kan kọ̀, ara lè gba ìkejì rẹ̀.

Bí kò bá sí ìyàtọ̀ rárá tí ẹ sì lò ó pé, ẹ ní kí wọ́n tún inú yín wò. Endometriosis tó ti wọlé sára ìfun, ìrora tó ti di ti iṣan ìsàlẹ̀ ikùn, àti awọ ilé ọmọ tó hù sínú ẹran ilé ọmọ fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀nà mìíràn. Iṣẹ́ abẹ lè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn èyí ni abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣẹ́ ilé ẹyin rẹ́ fúngbà díẹ̀ ti ń wọlé, bíi goserelin 3.6 mg ní ọjọ́ 28-28 tàbí leuprolide 3.75 mg lóṣooṣù. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́ lè mú ìrora pọ̀ sí i kó tó rọlẹ̀. Bí wọn kò bá kìlọ̀ èyí fún obìnrin, kò ní padà fún abẹ́rẹ́ kejì. Ooru á máa ṣàdédé mú yín, oorun á máa sá, eegun á sì máa fẹ́lẹ́. Ẹ béèrè fún hòmóònù kékeré tí wọ́n ń fi kún un láti dáàbò bo eegun, láti ìbẹ̀rẹ̀. Láìsí i, a kì í sábà kọjá oṣù 6. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ náà sínú ọkọ̀ nínú oòrùn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Oníhóró tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ti dé: Amẹ́ríkà fọwọ́ sí elagolix ní 2018, ó sì fọwọ́ sí relugolix alápapọ̀ fún ìrora endometriosis ní 2022. Ní England, NICE, àjọ tó ń pinnu oògùn tí ìjọba máa sanwó rẹ̀, fọwọ́ sí relugolix alápapọ̀ fún ìlò lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ní 2025, fún àwọn tí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹ̀yin tó wà ní London lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà yín. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tiyín ránṣẹ́ sí àbúrò ní Ìbàdàn. Relugolix alápapọ̀ ní estrogen nínú, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, eegun àti ìfúnpá ẹni tó ń lò ó sì gbọ́dọ̀ wà lójú dókítà.

8. Bí ẹ bá fẹ́ dá a dúró

Ìrora lè padà láàárín oṣù díẹ̀. Kì í ṣe pé oògùn ba nǹkan jẹ́, ẹran náà ló tún rí oúnjẹ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò sì wá ọmọ báyìí, kó béèrè kí wọ́n fi oògùn hòmóònù tẹ̀ lé e, torí ó ń dín ìpadàbọ̀ ìrora kù.

Bí ọmọ bá ni ìdí, ẹ bẹ̀rẹ̀ folic acid, 400 microgram lójúmọ́, kí ẹ tó dá oògùn dúró. Lẹ́yìn oògùn oníhóró, ẹyin sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ oṣù 3, ó lè gba nǹkan bí oṣù 10 láti ìgbà abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn kí oyún tó dé, nítorí náà ẹni tó ń ronú ọmọ fún ọdún tó ń bọ̀, kó tètè yí sí oògùn mìíràn. Ẹ máa kọ àkọsílẹ̀ ìrora lọ. Bí oṣù 6 bá pé tí oyún kò dé, ẹ má dúró dé ọdún kan bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Ẹ gbé ìwé yẹn, ẹ̀yin àti ọkọ yín, kí ẹ jọ lọ rí dókítà.